Ọkàn Tó Balẹ̀ Nídìí Káàdì

  Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì wà nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀, Ọlọ́run á mú yín délé láyọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti délé, tẹ́ ẹ ń dúró de oúnjẹ, ẹ fa àga mọ́ rédíò.

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí lè kọ́kọ́ dà bí ọ̀rọ̀ ọmọ ìta létí àwọn kan. Eré káàdì ni, èyí tí wọ́n ń pè ní poker. Mo mọ̀ pé ìyá àgbà kan ti ń nawọ́ sí rédíò báyìí láti yí i síbòmíì. Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ ṣe sùúrù fún mi. N kò wá kọ́ ọmọ yín ní tẹ́tẹ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni bí ènìyàn ṣe lè mú ọkàn rẹ̀ dúró sójú kan nígbà tí owó wà nílẹ̀, tí ojú ń wò ó, tí kò sì mọ ohun tó wà lọ́wọ́ ẹni kejì. Àwọn ọmọ wa kan ń ta eré yìí lórí fóònù, àwọn kan ń ta á nílé ìtura, àwọn tó wà lókè òkun sì ń bá àwọn òyìnbó jókòó ta á. Tí wọ́n bá máa ta á, ó sàn kí wọ́n mọ ohun tí ọkàn ń ṣe fúnni nídìí rẹ̀.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n rí, báyìí ló ṣe ń lọ. Káàdì 52 ló wà nínú páálí kan. Nínú irú poker tó gbajúmọ̀ jù, tí wọ́n ń pè ní Texas Hold'em, wọ́n á fún olúkúlùkù ní káàdì 2, òun nìkan ni yóò sì máa rí i. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ṣí káàdì 5 sí àárín tábìlì: 3 lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á tún ṣí 1, wọ́n á tún ṣí 1. Gbogbo ayé ló ni márààrún yẹn. Ẹni tó bá lè ṣa 5 tó lágbára jù jọ nínú 7 ló ń kówó. Ṣùgbọ́n ní ìpele kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń fi owó lélẹ̀. Ẹni tó bá wù á fi kún owó. Ẹni tí kò bá lè bá a lọ mọ́ á ju káàdì rẹ̀ sílẹ̀, ohun tó ti fi síbẹ̀ á sì lọ. Tí gbogbo wọn bá ju káàdì sílẹ̀ tó wá ku ẹnì kan, òun ló lowó, ì báà jẹ́ pàǹtírí ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sì sẹ́ni tó lè fipá mú un kó ṣí i.

Ẹ wo ayò ọlọ́pọ́n tiwa. Ihò 12, ọmọ ayò 48, gbogbo rẹ̀ wà ní gbangba. Ohun tí ọ̀ta ayò ń rí ni ẹni tó ń bá a ta náà ń rí. Bó bá pa ọ́, ó mọ̀ ọ́n ta jù ọ́ lọ ni, kò sí àwáwí kankan. Poker kò rí bẹ́ẹ̀. O lè ṣe gbogbo ohun tó tọ́ kí o sì pàdánù. O lè hu ìwà òmùgọ̀ pátápátá kí o sì kó owó lọ sílé pẹ̀lú orin lẹ́nu. Ibẹ̀ gan-an ni ìyọnu ọkàn ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò díẹ̀ sí i. Káàdì méjì tó dára jù tí ènìyàn lè bá pàdé nínú Hold'em ni Ace méjì. Ẹ̀ẹ̀kan nínú ìgbà 221 ni irú rẹ̀ ń bọ́ síni lọ́wọ́. Ká wá ní Ace méjì wà lọ́wọ́ rẹ, King méjì sì wà lọ́wọ́ ẹni tó kọjú sí ọ, èyí tó tẹ̀ lé Ace. Ẹ̀yin méjèèjì wá kó gbogbo owó yín sílẹ̀ kí wọ́n tó ṣí káàdì kankan. Bí ẹ bá ta irú èyí nígbà 100, Ace máa borí ní nǹkan bí ìgbà 82. Ìgbà 18 tó kù ńkọ́? King ni yóò kó o. Ẹni tó ní Ace kò ṣe àṣìṣe kankan. Kò sí ọ̀gá tó lè kọ́ ọ ní ohun tó sàn ju ohun tó ṣe yẹn lọ. Síbẹ̀ owó ti lọ, ẹni tó gbà á sì ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ gbọ́ èkejì, torí òun ló léwu jù. Ká ní o ti ní káàdì mẹ́rin tó ní àmì spade, o ń wá ìkarùn-ún kí àmì kan náà lè pé márùn-ún, kí o sì borí, káàdì kan péré ló sì kù tí wọ́n máa ṣí. Spade 13 ló wà nínú páálí. O ti rí 4, ó ku 9. Káàdì tí ojú rẹ kò tíì rí jẹ́ 46. Àǹfààní 9 nínú 46 kò tilẹ̀ pé ìdá kan nínú márùn-ún. Owó tó wà nílẹ̀ jẹ́ ₦3,000, wọ́n wá ní kí o san ₦1,000 kí o tó lè rí káàdì tó kù. Ṣé kí o san án? Tí o bá ń san án bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún-marùn-ún, wàá jẹ nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan, ₦3,000 nìyẹn. Wàá pàdánù lẹ́ẹ̀mẹrin, ₦4,000 nìyẹn. Ìyà ń jẹ ọ́. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ₦5,000 ló wà nílẹ̀, tí wọ́n ní kí o san ₦1,000 kan náà, san án kíákíá. Káàdì kò yí padà o, ìrètí kò yí padà, owó tó wà nílẹ̀ ló sọ ohun tó yẹ kí o ṣe.

Ó dáa. Ẹnì kan wá san ₦1,000 lórí ₦3,000 yẹn, spade sì jáde. Ó fò sókè, ó lu àyà, ó ní, “Mo ti mọ̀ pé ó ń bọ̀!” Kò mọ nǹkan kan. Ẹ̀kọ́ tó kọ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, yóò máa fi owó san án fún ọ̀pọ̀ oṣù, kò sì ní mọ ibi tí owó ń gbà lọ. Ẹni tí Ace rẹ̀ kú lábẹ́ King ńkọ́? Ó délé, ó ní òun kò ní fi gbogbo owó lé Ace mọ́ láé, pé Ace kò bá orí òun mu. Òun náà ti kọ́ ẹ̀kọ́ òdì. Nílẹ̀ wa níbí, bó bá dára, orí mi ni. Bí kò bá dára, àwọn ará ilé bàbá mi ni. Irú èrò yìí ń pani lówó nídìí poker ju káàdì burúkú lọ.

Obìnrin kan wà ní Amẹ́ríkà, Annie Duke, tó kẹ́kọ̀ọ́ nípa bí ọkàn ṣe ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Pennsylvania kó tó fi poker ṣiṣẹ́ ṣe, tó sì borí nínú ọ̀kan lára àwọn ìdíje World Series of Poker ní 2004. Ní 2018 ó kọ ìwé kan, Thinking in Bets. Kókó ibẹ̀ ni pé àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ́wọ́ ọmọ ènìyàn ni kó máa fi ohun tó ṣẹlẹ̀ dá ìpinnu tó ṣe lẹ́jọ́. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀ pátápátá. Ní tèmi, gbogbo ohun tí wọ́n ń pè ní ìgboyà nídìí poker, ibí yìí ni gbòǹgbò rẹ̀ wà. Ìgboyà tó bá dúró lórí káàdì máa wó ní ọjọ́ tí káàdì bá kọ̀. Èyí tó bá dúró lórí ìpinnu, tí o mọ ìdí tí o fi ṣe é, tí o sì lè ṣe é padà lọ́la láìtijú, òun ló máa ń pẹ́.

Báwo ni wọ́n ṣe ń kọ́ ọ? Maria Konnikova jẹ́ obìnrin tí wọ́n bí ní Moscow, tó dàgbà sí Amẹ́ríkà, tó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ọkàn ní Yunifásítì Columbia. Kò mọ poker rárá nígbà tó lọ bá Erik Seidel pé kó kọ́ òun. Seidel yìí, àgbà ọ̀jẹ̀ ni. Láti 1988, tó ṣe ipò kejì sí Johnny Chan nínú ìdíje ńlá ti World Series of Poker, ló ti wà nídìí iṣẹ́ náà. Konnikova sọ nínú ìwé rẹ̀, The Biggest Bluff, tó jáde ní 2020, pé ọkùnrin yìí kò fẹ́ gbọ́ ìtàn bí káàdì ṣe já òun kulẹ̀. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ ẹkún báyìí, Seidel á dá a dúró. Ohun tó fẹ́ gbọ́ ni: kí lo rò, kí lo mọ̀ nígbà yẹn, kí nìdí tí o fi ṣe bẹ́ẹ̀? Ní January 2018, obìnrin yìí gba ipò kìíní nínú ìdíje kan ní Bahamas, ó gba $84,600.

Ẹ lọ síbikíbi tí wọ́n ti ń ta káàdì, ìtàn ẹkún ló kún ibẹ̀. “Mo ti jẹ ẹ́ tán, káàdì ìkẹyìn ló bà mí jẹ́.” Gbogbo ènìyàn ló ní irú rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń gbọ́ ti ẹnì kejì, olúkúlùkù kàn ń dúró kó kan òun ni. Kò sí àǹfààní kankan níbẹ̀. Kódà, ó ń ṣe ìpalára, torí ẹni tó bá ń sọ ìtàn yẹn lójoojúmọ́ á gbà gbọ́ nígbẹ̀yìn pé ẹni tí ayé ń bá jà ni òun, ẹni tí ayé ń bá jà kì í sì í wá àṣìṣe ara rẹ̀. Ẹ ra ìwé pélébé kan. Bí owó ńlá bá ti lọ tàbí bó bá ti wọlé, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀: káàdì wo ló wà lọ́wọ́ mi, èló ló wà nílẹ̀, kí ni mo rò pé ẹni kejì ní. Ẹ má kọ ẹni tó jẹ. Ní ọjọ́ kejì, tí ara ti tutù, ẹ kà á bí ẹni pé ẹlòmíì ló ta á. Ẹ máa rí i pé àwọn ibì kan wà tẹ́ ẹ ti jẹ tí ìtìjú máa mú yín, àwọn ibì kan sì wà tẹ́ ẹ ti pàdánù tẹ́ ẹ máa fẹ́ kí ara yín kú iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ ìbínú. Àwọn tó ń ta poker ní orúkọ fún ìgbà tí ọkàn bá ti dàrú mọ́ ènìyàn lọ́wọ́, tí kò ronú mọ́, tó kàn ń fi owó lélẹ̀. Wọ́n ń pè é ní tilt. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tó wà nínú rẹ̀ kì í mọ̀. Lójú ara rẹ̀, ó ti wá di akin. Àwọn ọ̀mọ̀wé méjì tí wọ́n jẹ́ ọmọ Israel, Daniel Kahneman àti Amos Tversky, kọ̀wé ní 1979 pé oró àdánù máa ń ju adùn èrè lọ lọ́kàn ènìyàn, bí iye owó méjèèjì tilẹ̀ dọ́gba, àti pé ẹni tó bá ti ń pàdánù a máa gba ewu tí kì bá gbà tẹ́lẹ̀, nítorí pé ó fẹ́ kí ohun tó sọnù padà. Ẹ sọ fún mi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti jókòó nídìí ohunkóhun tó ní owó nínú rí, ṣé ẹ ò mọ ìmọ̀lára yẹn? “Mo kàn fẹ́ gba owó mi padà, kí n dìde.” Ìgbà tí gbólóhùn yẹn bá ti wọlé sọ́kàn, ó ti pẹ́ tó ti yẹ kí o dìde.

Àmì rẹ̀ wà. Ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í yá ju bó ṣe yẹ lọ. Wàá fẹ́ ta gbogbo káàdì tí wọ́n bá fún ọ, káàdì tí o ti ń jù sílẹ̀ láti àárọ̀. Wàá dojú ìjà kọ ẹnì kan ṣoṣo lórí tábìlì, ẹni tó jẹ ọ́ ṣáájú, bíi pé owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní orúkọ rẹ lára. Wàá fẹ́ lọ sórí tábìlì tí owó rẹ̀ pọ̀ jù. Bí ọ̀kan bá ti yọjú, ó tó ìdí láti kúrò níbẹ̀. Ẹ fi omi bọ́jú, ẹ rìn síta, ẹ pe ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa káàdì lórí fóònù, kẹ́ ẹ bi í léèrè ohun tó jẹ. Ìlànà tó sì dára jù, kí ènìyàn tó jókòó ni kó ti fi lélẹ̀: iye tí mo bá pàdánù dé tí màá dìde, yálà inú mi dùn tàbí kò dùn. Ẹni tí orí rẹ̀ ṣì pé ló gbọ́dọ̀ pinnu fún ẹni tí orí rẹ̀ máa gbóná lọ́la.

Ẹnì kan á ní: Phil Hellmuth, ọ̀gá poker tó máa ń bínú yẹn ńkọ́? Òótọ́ ni. Ọkùnrin yẹn gba ìdíje ńlá náà ní 1989 nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 24, iye ìdíje tó ti borí nínú World Series sì pọ̀ ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Bẹ́ẹ̀, ó gbajúmọ̀ fún ariwo àti èébú nígbà tí wọ́n bá jẹ ẹ́. Ìdáhùn mi kò gùn: ìbínú tó bá parí sí ẹnu, ìwà ni kò dára. Èyí tó bá dé ọwọ́ tó ń fi owó lélẹ̀, òun ló ń sọ ènìyàn di aláìní.

Ọ̀rọ̀ ọkàn yìí kò mọ sí ìdí káàdì: ẹ rántí ọjọ́ kejì oṣù July 2010, Ghana àti Uruguay, nínú Ife Àgbáyé ní Johannesburg. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ló wò ó. Ìṣẹ́jú ìkẹyìn nínú àfikún àkókò, Suárez ti Uruguay fi ọwọ́ gbá bọ́ọ̀lù tó ń wọ àwọ̀n, wọ́n lé e jáde, wọ́n fún Ghana ní pẹ́nárítì. Asamoah Gyan gbá a, ó ba igi òkè. Gbogbo Áfíríkà figbe ta. Àmọ́ kò tíì pẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ́nárítì àjẹgbà. Ta ló kọ́kọ́ jáde fún Ghana? Gyan yẹn náà ni. Ó gbé e kalẹ̀, ó gbá a wọlé sí igun òkè. Ghana kò borí lọ́jọ́ yẹn. 4 sí 2 ni Uruguay fi lé wọn. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá bi mí pé kí ni ọkàn tó dúró sójú kan, àpẹẹrẹ tí màá fún yín nìyẹn. Ọmọkùnrin náà mọ̀ pé òun mọ pẹ́nárítì gbá. Èyí tó ba igi kò pa ìmọ̀ yẹn rẹ́.

Bí àdánù àná ṣe ń dí wa lọ́wọ́ tún hàn ní ọdún 2017. Nínú oṣù January ọdún yẹn, Yunifásítì Carnegie Mellon gbé kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n pè ní Libratus wá sí ilé tẹ́tẹ́ kan ní Pittsburgh. Ọ̀gá mẹ́rin nínú poker ló bá a ta fún 20 ọjọ́, ọwọ́ káàdì 120,000. Kọ̀ǹpútà náà pa wọ́n. Ó ń hàlẹ̀, ó ń fi owó rẹpẹtẹ lélẹ̀ lórí káàdì tí kò ní láárí, bẹ́ẹ̀ ni kò ní ojú tí wọ́n lè wò, kò ní ọwọ́ tó ń gbọ̀n. Àwọn olóye ìṣirò á sọ pé ìṣirò rẹ̀ ló jinlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ ẹ tún wo èyí: bó bá pàdánù owó ńlá, ọwọ́ káàdì tó tẹ̀ lé e kò mọ̀ nípa rẹ̀. Ní alaalẹ́, àwọn ọ̀gá náà á jókòó pọ̀, wọ́n á máa wá ibi tó kù díẹ̀ káàtó fún un. Òun náà, lóru yẹn kan náà, ń ṣe àtúnṣe ibi tí wọ́n ti rí ààyè wọlé sí i lára. Kò sunkún, kò sọ ìtàn fún ẹnikẹ́ni. Ènìyàn ẹlẹ́ran ara kò lè dà bẹ́ẹ̀ tán, n kò sì rò pé ó yẹ kó dà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àṣà àtúnṣe òru yẹn, a lè yá a.

Ó wá ku ìgboyà, ìyẹn èyí tí àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn jù. Ní 2003, ọkùnrin kan láti Tennessee, oníṣirò owó ni iṣẹ́ rẹ̀, Chris Moneymaker, orúkọ rẹ̀ tòótọ́ nìyẹn, san $86 nínú ìdíje kékeré kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ibẹ̀ ló ti gba ààyè sínú ìdíje ńlá ní Las Vegas, èyí tí àwọn ẹlòmíì ń san $10,000 láti wọ̀. Ènìyàn 839 ló wọ̀ ọ́ lọ́dún yẹn. Ó wá ku òun àti Sam Farha, tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni poker. Ọwọ́ káàdì kan wá wà tí kò sẹ́ni tó gbàgbé. King àti 7 ló wà lọ́wọ́ Moneymaker, wọn kò bá nǹkan kan mu. Farha ní 9, 9 kan sì wà lórí tábìlì. Farha ló ń jẹ. Moneymaker kó gbogbo owó rẹ̀ sílẹ̀. Farha rò ó, ó tún un rò, ó tilẹ̀ fura. Ó ju káàdì sílẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, Moneymaker gba ìdíje ọ̀hún, ó gba mílíọ̀nù 2.5 dọ́là. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ènìyàn 2,576 ló wọ ìdíje kan náà. Ní 2006, wọ́n di 8,773.

Ọ̀pọ̀ àwọn tó rọ́ wá yẹn ló ti rí ohun tí kò sí níbẹ̀. Wọ́n rò pé ìgboyà ni kéèyàn máa hàlẹ̀. Ẹ padà wo ohun tó wà lórí tábìlì: spade mẹ́ta ti jáde níbẹ̀. Ẹni tó bá ní spade méjì lọ́wọ́ ti pa Farha. King tó wà lọ́wọ́ Moneymaker sì jẹ́ spade. Nígbà tó ku káàdì kan, òun gan-an ń wá ọ̀kan sí i. Bó ṣe fi owó lélẹ̀ láti ìpele yẹn bá ìtàn ẹni tó ní spade mu. Ìhàlẹ̀ rẹ̀ ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ẹni tó bá ń hàlẹ̀ nítorí pé ara rẹ̀ ń yún un, tàbí nítorí pé ó ti sú u láti máa ju káàdì sílẹ̀, tàbí kí àwọn ọ̀rẹ́ lè kígbe, òun kò ní ìtàn kankan láti sọ. Àgbà kan tó jókòó jẹ́jẹ́ lápá òsì máa san owó rẹ̀, á ṣí i, á sì kó gbogbo rẹ̀.

Jíju káàdì sílẹ̀ gan-an, òun ni iṣẹ́. Ẹni tó mọ poker, lórí tábìlì ènìyàn mẹ́sàn-án, ọ̀pọ̀ jù nínú káàdì tí wọ́n bá fún un ni kì í ta. Kí ló wá ń ṣe ní gbogbo àkókò yẹn? Ibí yìí la ti ń mọ ẹni tí ọkàn rẹ̀ wà níbẹ̀. Àwọn kan ti gbé fóònù jáde, wọ́n ń wo bọ́ọ̀lù. Ẹni tó fẹ́ jẹ ń wo àwọn ènìyàn: ta ni kì í lè ju káàdì sílẹ̀ bó ti wù kó burú tó, ta ni ìwà rẹ̀ yí padà lẹ́yìn tí wọ́n jẹ ẹ́, ta ló ń fi owó lélẹ̀ kíákíá bó bá ní káàdì tòótọ́, tó sì ń fa ẹsẹ̀ bó bá ń hàlẹ̀. Gbogbo ìwọ̀nyí ló ń kó pamọ́ fún ìgbà tí tirẹ̀ bá dé. Oorun, oúnjẹ, ọtí: ẹ ti mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ẹni tí kò sùn kò lè ṣírò, ọtí tí wọ́n sì ń gbé fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ nílé tẹ́tẹ́ kò sí níbẹ̀ nítorí inú rere.

Àmọ́ kí n má tan yín jẹ. Stu Ungar, ọmọ New York, ọ̀pọ̀ ló gbà pé kò sẹ́ni tí ọpọlọ rẹ̀ mú tó tirẹ̀ nídìí káàdì rí. Kó tó fi poker ṣiṣẹ́, ó ti ń pa gbogbo ẹni tó bá a ta gin rummy, títí tí kò fi rẹ́ni bá a ta á mọ́. Ó gba ìdíje ńlá poker ní 1980, ó tún gbà á ní 1981. Ọdún 16 kọjá tí ìwà ìbàjẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á tán, ó padà wá ní 1997, ó tún gbà á, mílíọ̀nù kan dọ́là, tòun tẹni tó yá a lówó wọ̀ ọ́ jọ pín in. Ní November 1998, wọ́n bá òkú rẹ̀ nínú yàrá ilé ìtura olówó pọ́ọ́kú kan ní Las Vegas. Ọmọ ọdún 45 ni. Àwọn ọ̀rẹ́ ló dáwó sin ín. Lórí tábìlì, ọkàn rẹ̀ wà nídìí káàdì. Kó tó kúrò nídìí tábìlì, ẹṣin sísáré àti tẹ́tẹ́ eré ìdárayá ń dúró dè é, oògùn olóró sì ń dúró dè é, ibẹ̀ ni owó náà ń gbà lọ. Ìfarabalẹ̀ tó bá parí sórí tábìlì nìkan, ìdajì ni.

Kókó mìíràn kan tí n kò gbọdọ̀ fò: gbogbo ohun tí mo sọ láti ìrọ̀lẹ́ yìí kò kan lọ́tò, kò kan ẹ̀rọ tí wọ́n ń tẹ̀ nílé tẹ́tẹ́. Nínú poker, ènìyàn bíi tìrẹ lo ń bá ta, ilé kàn ń gba owó tirẹ̀ lórí rẹ̀ ni. Nítorí náà, ẹni tó mọ̀ ọ́n jù lè jẹ bí ọjọ́ bá gùn. Nínú lọ́tò, ilé lo ń bá ta, wọ́n sì ti ṣírò rẹ̀ tán kí o tó wọlé. Kò sí ìfọkànbalẹ̀, kò sí ààwẹ̀, kò sí àlá tó lè yí ìṣirò yẹn padà. Ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀ mi lọ ta nọ́ńbà lọ́la, kò gbọ́ mi.

Owó tí ènìyàn gbé jókòó ló máa ń sọ irú ọkàn tó máa ní. Ẹni tó fi owó tí kò kan ẹnikẹ́ni jókòó lè ju káàdì sílẹ̀ kó má dùn ún, ó lè san owó tó bá yẹ kó san, ó lè dìde. Ẹni tó fi owó ilé jókòó, ẹ̀rù á ti máa bá a ta káàdì láti ìbẹ̀rẹ̀. Gbogbo ìṣirò tí mo ṣe ṣáájú yẹn á fò lọ lórí rẹ̀, torí ojú onílé ló ń rí nínú káàdì.

Nítorí náà, ìwọ tí owó ilé ìwé ọmọ wà lápò rẹ nírọ̀lẹ́ yìí, tí ọ̀rẹ́ rẹ sì ti ń pè ọ́ pé tábìlì ti pé, mo bẹ̀ ọ́, san owó ilé ìwé yẹn ní àárọ̀ ọ̀la kí o tó dá a lóhùn. Bí o bá sì ti pàdánù rẹ̀, má wá a lọ síbẹ̀ lálẹ́ òní; sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ, tàbí fún ẹ̀gbọ́n rẹ tó lè gbé e, kí ẹ jọ wá ọ̀nà mìíràn.